Ìdákẹ́rọ́rọ́ ọ̀sán ní àdúgbò wa ń kọ mí lóminú

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o, ẹ sì kú làálàá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, pàápàá ní òpin ọ̀sẹ̀ tí mo bá ráyè jókòó sílé. Ohun tí ó mú mi kọ lẹ́tà yìí ni ọ̀rọ̀ kan tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ojúlùmọ̀ mi tí ń gbé ní àárín ìlú Èkó, nígbàkúùgbà tí wọ́n bá wá kí mi ní ìhà Ìjókò, ní ilẹ̀ Ọ̀tà, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Wọn á sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, wọn á mí kanlẹ̀, wọn á ní, "Ẹ mà ń gbádùn o! Ibí yìí mà dákẹ́ o!" Òótọ́ ni wọ́n sọ, n kò sì bá wọn jiyàn rí. Ṣùgbọ́n oríṣi ìdákẹ́rọ́rọ́ méjì ni ó wà ní àdúgbò wa, ti òru àti ti ọ̀sán, wọn kì í sì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ti òru ni a fi owó wa rà. Ti ọ̀sán ni mo fẹ́ kí àwọn tí ń ṣe ìjọba, àti àwa tí a jọ ń gbé ibẹ̀, bá mi yẹ̀ wò dáadáa.

Kí n tó débẹ̀, ó yẹ kí n sọ bí a ṣe dé Ìjókò. Múṣin ni mo ti lo ọdún mẹ́rìndínlógún àkọ́kọ́ tí mo fi di ará Èkó, nínú yàrá kan àti pálọ̀ tí èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa mẹ́ta ń gbé. Ilé alájà kan ni, ìdílé mẹ́jọ ni a sì jọ ń lo ilé ìdáná kan ṣoṣo. Ní ìsàlẹ̀ ilé náà, ọkùnrin kan ń ta àwo orin, ó sì kọ ẹnu gbohùngbohùn rẹ̀ sí ojú ọ̀nà láti àárọ̀ títí di aago mọ́kànlá alẹ́. Bí ó bá ti pa tirẹ̀, jẹnẹrétọ̀ àwọn alájọgbélé á gbà á lẹ́nu rẹ̀. Owó àjọ tí mo kó lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lú owó tí ọkọ mi yá nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ rẹ̀, ni a fi ra ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì ní Ìjókò. Díẹ̀díẹ̀ ni a kọ́ ilé náà. Bí a bá rí owó sìmẹ́ǹtì lóṣù yìí, a lè má rí ti irin títí oṣù mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n gba owó ìpìlẹ̀, owó dẹ́kìn àti owó òrùlé lọ́wọ́ wa kò ṣe é kọ tán nínú lẹ́tà kan, nítorí náà n ó fi í sílẹ̀. A kó wọlé ní 2012, nígbà tí kò tíì sí síìlìn ní yàrá kankan, tí ó sì jẹ́ pé pákó ni a fi dí ojú fèrèsé ilé ìdáná.

Alẹ́ àkọ́kọ́ yẹn, àwọn ọmọ kò rí oorun sùn. Àbíkẹ́yìn mi, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ nígbà náà, wá dì mọ́ mi nínú òkùnkùn, ó ní, "Mọ́mì, ṣé gbogbo èèyàn ti lọ ni?" Ariwo Múṣin ni etí rẹ̀ ń wá. Kò tíì dá ohùn ọ̀pọ̀lọ́ mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ pé ìrẹ̀ ni ó ń dún lára ògiri. Ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí etí gbogbo wa tó balẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti fẹ́ràn òru wa, n kò sì lè fi í wé ohunkóhun. Afẹ́fẹ́ tútù a máa gba ojú fèrèsé wọlé láìsí òórùn gọ̀tà nínú rẹ̀. Mo gbin ewédú àti tẹ̀tẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ní aago méjì òru, ọlọ́dẹ wa á lu ríìmù mọ́tò tí a so mọ́ igi máńgòrò ní ìkángun òpópónà, kí àwọn onílé lè mọ̀ pé ojú rẹ̀ dá. Bí mo bá gbọ́ ọ lójú oorun, ńṣe ni mo máa ń yí ẹ̀gbẹ́ padà. Ẹni tí kò bá gbé ilé oníyàrá kan rí pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta kò lè mọ ohun tí ó jẹ́ láti yí ẹ̀gbẹ́ padà láìkan ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n a ń san owó òru yìí ní ojoojúmọ́, àárọ̀ ni a sì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í san án. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí a ti ń di ìwé, tí a sì ń gé etí rẹ̀. Kí n tó lè dé ibẹ̀ ní aago mẹ́jọ, mo gbọ́dọ̀ ti jí ní aago mẹ́rin, kí ládàánì tó pe ìrun àsùbáà. Láàárín aago mẹ́rin ààbọ̀ sí márùn-ún, bí ènìyàn bá dúró sí ẹnu géètì mi, yóò rí iná tọ́ọ̀ṣì kan, òmíràn lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn tí ó ń jáde láti ọ̀nà ẹ̀gbẹ́, gbogbo wọn ń lọ sí ìhà kan náà bí ẹni ń lọ sí ojú odò. A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ jí re o," ó tán. Ní àsìkò òjò, bàtà òjò tó ga dé orókún ni a máa ń wọ̀ rin ọ̀nà amọ̀ pupa náà, a ó sì gbé bàtà iṣẹ́ wa dání nínú ọ̀rá. Ní ìdíkọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí ó gbé ike omi mẹ́ta àti fọ́ọ̀mù kalẹ̀. Ó ń fọ bàtà òjò fún ènìyàn, ó ń tọ́jú rẹ̀ sínú ìsọ̀ rẹ̀ títí di alẹ́, orúkọ ẹni tí ó ni ín ni yóò sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ gan-an, bàtà tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè lé ní ogójì. Mo máa ń wo àwọn bàtà wọ̀nyẹn bí wọ́n ṣe tò sára ògiri. Gbogbo àgbàlagbà òpópónà wa ni ó wà níbẹ̀ ní orí ìlà.

Ojú irin ni ó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn àdúgbò wa wọ̀nyí. Láti 1896 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó wọ inú ilẹ̀ Yorùbá, nígbà tí ó sì fi máa di 1901, ọkọ̀ ti ń lọ sí Ìbàdàn. Àwọn tí ó ti wà níbẹ̀ kí a tó dé máa ń sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ tí ó ń kó òṣìṣẹ́ láti Ìjókò lọ sí Ìddó, tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń gun òrùlé rẹ̀ nítorí pé inú ti kún. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ṣí ọ̀nà ojú irin tuntun ti ìjọba Èkó, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Red Line, láti Agbado títí dé Òyìngbò, kìlómítà 27, ibùdókọ̀ mẹ́jọ. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún kan náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò tí ń sanwó. N kò ní ṣe aláìmoore: ìtura ńlá ni ọkọ̀ yìí mú bá wa. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, owó dánfó láti ìhà ọ̀dọ̀ wa lọ sí Èkó ti di ohun tí ń jẹ owó oṣù ènìyàn bí ikán ṣe ń jẹ igi. Bí mo bá bá ọkọ̀ ojú irin ní àárọ̀, mo ti fi káàdì Cowry mi, èyí tí a fi ń san owó ọkọ̀, kan ẹnu ọ̀nà, mo ti rí ààyè, kò sì ní pé wákàtí kan tí n ó fi dé Yábà, níbi tí mo ti ń wọ kòròpé lọ sí Ṣómólú. Kí ó tó dé, wákàtí mẹ́ta ni mo máa ń lò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, orí ìdúró sì ni mo ti máa ń lo púpọ̀ nínú rẹ̀.

Síbẹ̀, ojú irin kan náà ni ọkọ̀ yìí àti èyí tí ń lọ sí Ìbàdàn jọ ń lò, iye ìgbà tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ lójúmọ́ kò sì tíì tó iye èrò tí ń dúró dè é. Bí oníbàárà bá pẹ́ kí ó tó wá kó ìwé rẹ̀, tí mo sì fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré pẹ́ dé Yábà, ọkọ̀ á ti lọ. Dánfó ni yóò wá kù, aago mẹ́wàá alẹ́ ni n ó sì dé ilé. Nígbà tí àbíkẹ́yìn mi ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, orí tábìlì ni èmi pẹ̀lú rẹ̀ ti máa ń sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́. Á ṣí ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ sílẹ̀, á fi báírò dábùú rẹ̀, kí n lè rí i kí n buwọ́ lù ú bí mo bá dé. Nígbà mìíràn, á kọ ọ́ sí etí ìwé náà pé, "Mọ́mì, bàtà mi ti já," tàbí pé, "A ó ṣe ìdánwò lọ́la." N ó kọ èsì sí abẹ́ rẹ̀. Mo ṣì ní mẹ́rin nínú àwọn ìwé náà nínú àpótí. Nígbà tí mo tún wò wọ́n láìpẹ́ yìí, mo rí i pé ní sáà kan, láàárín Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́ Ẹtì, orí ìwé nìkan ni a ti bá ara wa sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjìlá.

Gbogbo èyí ni mo ti gbà gẹ́gẹ́ bí owó ilé. Ohun tí n kò mọ̀ ni bí àdúgbò wa ṣe máa ń rí lẹ́yìn tí gbogbo wa bá ti lọ, nítorí n kò sí níbẹ̀ rí láti wò ó. Ọjọ́ àìkú àti ọjọ́ ìsinmi nìkan ni mo mọ ọ̀sán rẹ̀, ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ sì rèé, gbogbo ènìyàn ni ó wà nílé, ẹni ń fọ mọ́tò, ẹni ń se ìrẹsì, ẹni ń ṣe ayẹyẹ ìkómọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún tó kọjá, ibà dá mi gúnlẹ̀, dókítà sì ní kí n sinmi fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kejì, tí ó jẹ́ Ọjọ́rú, ara fúyẹ́ díẹ̀, mo gbé àga jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá díẹ̀. Mo gbọ́ adìẹ tó ń kígbe pé òun ti yé. Mo gbọ́ ẹ̀rọ ìlọta ní òpópónà kejì, tí a tan, tí a sì pa. Lẹ́yìn náà, n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Gbogbo géètì ni ó wà ní títì, àgádágodo wà lára wọn láti ìta, àwọn ilé náà sì dúró tì mí bí ilé àwọn tí ó ti rìnrìn àjò. Ara mi kọ́kọ́ tù. Nígbà tí ó ṣe, ara mi kò gbà á mọ́.

Kò pẹ́ sí àkókò yẹn ni mo gbọ́ tí obìnrin kan ń ké, "Ẹ gbà mí o! Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ gbà mí o!" Ìyàwó bàbá àgbà tí ilé wọn jẹ́ ẹ̀kẹta sí tèmi ni. Bàbá náà ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ réluwé, "Bàbá Réluwé" ni gbogbo wa sì ń pè é. Ó yọ̀ níbi tí ó ti ń wẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó fi ìbàdí balẹ̀, kò sì lè dìde. Nígbà tí mo débẹ̀, ìyá alákàrà ti débẹ̀ ṣáájú mi pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́. Èmi tí ibà ń ṣe, ìyá alákàrà, ìyàwó bàbá tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, àti àwọn ọmọ méjì tí wọ́n lé wálé nítorí owó ilé ìwé: àwa ni gbogbo ènìyàn tí ó wà ní òpópónà náà. Mo sáré jáde láti wá ẹni tí yóò fi mọ́tò gbé wa. Géètì mọ́kànlá ni mo kàn. Ajá ni ó ń dá mi lóhùn. Olóòtú, mo ti ka àwọn mọ́tò òpópónà wa rí ní alẹ́ ọjọ́ kan tí a fẹ́ dá owó géètì: mẹ́rìndínlógún ni wọ́n. Ní aago mọ́kànlá ọ̀sán ọjọ́ yẹn, kò sí ẹyọ kan.

A rán ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà lọ sí ojú títì, ó sì mú oníkẹ̀kẹ́ Márúwá kan wá lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. A yọ ilẹ̀kùn ilé adìẹ, a tẹ́ aṣọ lé e, a fi gbé bàbá. Kẹ̀kẹ́ kò gba ilẹ̀kùn náà tán, ṣe ni mo fi ọwọ́ mi di ìkángun kejì rẹ̀ mú bí a ṣe ń lọ. Ìgbàkúùgbà tí kẹ̀kẹ́ bá já sínú kòtò, bàbá á di eyín rẹ̀ pọ̀, kò ní pariwo, ọwọ́ mi nìkan ni yóò fún mọ́ra. Ilé ìwòsàn aládàáni tí a kọ́kọ́ dé kò ní dókítà lórí ìjókòó ní àkókò náà, wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ni ó máa ń wá. Ìlú Ọ̀tà ni a gbé e dé kí dókítà tó fọwọ́ kàn án, aago mẹ́ta ọ̀sán sì ti kọjá. Ọlọ́run bá wa ṣe é, bàbá wà láàyè, ó sì ń fi ọ̀pá rìn. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, láti aago mẹ́jọ lọ, àwọn mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Gbogbo àdúgbò ni ó kún ilé bàbá pẹ̀lú ọsàn àti mílíìkì. Ọ̀kan nínú wọn, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi, di orí mú, ó ní, "Ṣé bí mọ́tò mi ṣe wà yìí ni bàbá ṣe fara da gbogbo èyí?" Mo dá a lóhùn pé, "Sà, Ìkẹjà ni mọ́tò yín wà."

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè gbọ́ kí ẹnikẹ́ni yin ìdákẹ́rọ́rọ́ àdúgbò wa kí n má bi í pé aago mélòó ni ó wá. Ìdákẹ́rọ́rọ́ ọ̀sán yẹn kì í ṣe àlàáfíà, àìsíńlé ni. Ìlú tí àwọn alágbára rẹ̀ máa ń fi sílẹ̀ ní ìdájí, tí ó jẹ́ pé arúgbó, ọmọ wẹ́wẹ́, aboyún tí oṣù rẹ̀ ti pé àti aláìsàn nìkan ni ó ń kù síbẹ̀, ó yẹ kí ó ní ohun tí yóò máa ṣọ́ wọn ju ìlú mìíràn lọ. Kàkà bẹ́ẹ̀, tiwa kéré sí ti ìlú mìíràn, nítorí pé nínú ìwé ìjọba pàápàá, a kò sí nílé. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ní 2006, ènìyàn 3,751,140 ni wọ́n kà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Oko ẹ̀gẹ́ ni ibi tí ilé mi wà nígbà náà. Láti ìgbà yẹn, wọn kò tíì ka ènìyàn mọ́, bẹ́ẹ̀ ni òpópónà kan kò sì yéé bí òmíràn.

Àwa náà sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Òfin owó orí ní Nàìjíríà sọ pé ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ni owó orí tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù rẹ̀ tọ́ sí, kì í ṣe ìpínlẹ̀ tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Mo bi àwọn ènìyàn ní ìpàdé onílé pé àdírẹ́sì wo ni ó wà nínú ìwé ibi iṣẹ́ wọn. Nínú ẹni mẹ́tàlélógún tí ó dáhùn, márùn-ún péré ni wọ́n kọ Ìjókò síbẹ̀. Àwọn tí ó kù ṣì ń lo àdírẹ́sì ilé tí wọ́n háyà rí ní Agége, ní Òṣòdì tàbí ti ilé ẹ̀gbọ́n wọn ní Súúrùlérè, nítorí pé wọ́n gbà pé ọ̀gá kì í fẹ́ gba ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ jìn. Èmi tí mò ń bi wọ́n, Múṣin ni ó wà nínú tèmi títí di ọdún yìí, káàdì ìdìbò mi sì wà ní Múṣin pẹ̀lú, níbi tí n kò ti sùn mọ́jú láti 2012. Báwo ni ìjọba kan yóò ṣe kọ́ ilé ìtọ́jú fún ẹni tí ó ń wí fún gbogbo ayé pé òun kò gbé ibẹ̀? Mo ti lọ ṣe àtúnṣe ti ibi iṣẹ́. Ti káàdì ìdìbò náà, n ó ṣe é ní kété tí mo bá gba ààyè ọjọ́ kan. Mo bẹ gbogbo ẹni tí ó bá ń ka lẹ́tà yìí ní Ìfọ̀, ní Akúté, ní Sàǹgó, àti ní gbogbo ìhà Ìbafọ̀ lórí ọ̀nà Ìbàdàn, kí wọ́n yẹ ìwé tiwọn wò.

A kò sì dúró de ìjọba kí a tó ṣe nǹkan. Ẹgbẹ́ onílé òpópónà wa ti pín ọjọ́ iṣẹ́ márààrún láàárín àwọn tí ó ní mọ́tò. Lójoojúmọ́, ẹnìkan máa ń fi mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú epo tí ó tó dé Ọ̀tà, òun á sì bá wa rìn lọ sí ibi ọkọ̀ ojú irin. Kọ́kọ́rọ́ máa ń wà lára ìṣó kan ní ìsọ̀ ìyá alákàrà. Ọkùnrin kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ awakọ̀, tí ó sì ń gbé ní ìkángun òpópónà, ni yóò wa mọ́tò náà. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ríìmù tí ọlọ́dẹ ń lù lóru náà ni ẹnikẹ́ni tó bá wà nílé yóò lù lọ́sàn-án, lẹ́ẹ̀mẹta léraléra. Wọ́n ti lù ú lẹ́ẹ̀mejì láti oṣù Kìíní. Èkíní jẹ́ nítorí ọmọdé tí ó mu kẹrosíìnì, èkejì nítorí aboyún tí omirá rẹ̀ ti tú. Kò sí èyí tí ó lò ju wákàtí kan lọ nínú àwọn méjèèjì kí ó tó rí dókítà.

Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni agbára wa mọ. A kò lè fúnra wa da ọ̀dà sí ọ̀nà tí ó lọ láti ọ̀dọ̀ wa dé ibùdókọ̀ Agbado, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè la gọ̀tà tí yóò gba omi òjò kúrò lójú rẹ̀. Ọ̀nà yẹn ni ó ń sọ ìrìn ogún ìṣẹ́jú di ìrìn wákàtí kan. Ìpínlẹ̀ kan ni ó ni ọkọ̀ ojú irin, ìpínlẹ̀ kejì ni ó ni ọ̀nà tí ènìyàn yóò gbà dé ìdí rẹ̀, ẹsẹ̀ kan náà ni a sì fi ń tẹ méjèèjì. Ní 2021, àwọn gómìnà Èkó àti Ògùn jọ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pé ìpínlẹ̀ méjèèjì yóò jọ máa ṣe ìdàgbàsókè àwọn agbègbè tí ó wà ní ẹnubodè wọn. Mo rọ̀ wọ́n kí wọ́n mú ìwé náà jáde, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀nà tí ó lọ sí ibùdókọ̀. Mo tún rọ àwọn tí ń bójú tó ọkọ̀ ojú irin kí wọ́n ronú nípa wa nígbà tí wọ́n bá ń to àkókò: bí ó bá jẹ́ pé ọkọ̀ kan ṣoṣo péré ni ó ń padà sí Agbado ní aago méjì ọ̀sán, àti òmíràn ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn lè tètè wálé, ẹni tí ó pẹ́ níbi iṣẹ́ kò sì ní máa fi ẹ̀mí rẹ̀ wéwu nínú dánfó lóru.

Èyí tí ó jẹ mí lógún jùlọ ni ilé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé. A kò béèrè ilé ìwòsàn ńlá. Nọ́ọ̀sì méjì tí yóò wà lórí ìjókòó láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago mẹ́jọ alẹ́, ní ọjọ́ iṣẹ́, ní wákàtí tí kò sí ẹnikẹ́ni nílé, ni a ń fẹ́, pẹ̀lú ọkọ̀ kan tí ó lè gbé aláìsàn ní ìdùbúlẹ̀. Ẹgbẹ́ onílé ti ra pulọ́ọ̀tì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sáláṣí, gbogbo ìwé rẹ̀ ni ó pé, a sì ti kọ̀wé sí àwọn tí ó yẹ lẹ́ẹ̀mẹta. A ti ro ilẹ̀ náà, a sì ti fi bíríkì yí i ká. Bàbá Réluwé ni ó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, nítorí pé òun ni ó máa ń wà nílé. Bí ìjọba bá fẹ́ rán ẹnikẹ́ni wá wò ó, inú wa yóò dùn, ẹ jọ̀ọ́, kí onítọ̀hún má wá ní alẹ́ tàbí ní ọjọ́ Àìkú. Kí ó wá ní Ọjọ́rú, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá ọ̀sán, kí ó sì kan géètì díẹ̀ kí ó tó dé ibẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kan,
Ìjókò-Ọ̀tà, Ìpínlẹ̀ Ògùn.